Ìpara Olówó Gọbọi

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì wá, mà."

Oníbàárà náà na ọwọ́ méjèèjì sórí káńtà. Atawẹ́wẹ́ da omi gbígbóná láti inú fúláàsì sínú abọ́ kékeré kan, ó ri aṣọ ìnura funfun bọ inú rẹ̀, ó fún un, ó sì fi nu ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ìkókó. Kò fi kan ọwọ́ òsì rárá. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìgò kan tó ń dán bíi wúrà, ó fi ìka mú ìpara díẹ̀ níbẹ̀, ó fi pa ọwọ́ ọ̀tún. Ó ṣí ike pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ó fi tinú rẹ̀ pa ọwọ́ òsì.

"Ó yá, mà. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n wò. Èwo ló rọ̀ jù?"

Obìnrin náà dijú. "Ọ̀tún ni. Háà! Ọ̀tún ni o! Àfi bíi pé wọ́n pààrọ̀ awọ yẹn fún mi."

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á," ni Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù dá a lóhùn láti ìdí jígí ńlá tó wà lára ògiri. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ti ń wá àpò aláràbarà tí yóò fi di ìgò wúrà náà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín, nítorí inú ń bí mi, n kò sì lè dúró dìgbà tí ìtàn bá parí. Omi gbígbóná ni. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Awọ tí a bá fi omi gbígbóná rẹ, ìpara yòówù tí a bá fi lé e ní kíá yóò wọlé, awọ náà yóò sì rọ̀. Ẹ fi tinú ike pa á, yóò rọ̀. Ẹ fi tinú ìgò wúrà pa á, yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìgò wúrà kan yóò ra tinú ike títí yóò fi kún àpótí. Àǹtí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ Atawẹ́wẹ́ níṣẹ́ náà.

"Kì í ṣe irọ́," ló sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́ ọ. "Ṣé ẹnu ẹ sọ nǹkan kan ni? Àwọn fúnra wọn ló ń sọ ọ́."

Àbúrò ìyá Atawẹ́wẹ́ ni Àǹtí yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Atawẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, ó wà ní kíláàsì àṣejáde. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tó gé ọmọkùnrin kan jẹ nítorí pé ó já kálàmù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á wá omi mu. Nílé wọn, yàrá kan ṣoṣo ni òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń gbé, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ tí ìyá rẹ̀ ti ń lọ aṣọ fún àwọn ènìyàn. Ooru áyọ́ọ̀nù ń gba ara ògiri wọlé tọ̀ wọ́n wá. Bó bá ṣíwèé nírọ̀lẹ́, àbúrò kan á fi ẹsẹ̀ lé e lẹ́yìn, òmíràn á ní kó wá bá òun wá bàtà òun. Ìdánwò àṣejáde sì ń bọ̀.

Yàrá kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù Àǹtí. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, tábìlì wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Kò sí ẹni tó ń gbé e.

"Bó o bá ń tà báyìí," ni Àǹtí wí, "yàrá yẹn di tìẹ. Wàá máa kàwé níbẹ̀, wàá sì máa sùn síbẹ̀ bíi ọmọ olówó."

Nítorí náà ni Atawẹ́wẹ́ fi ń ri aṣọ bọ omi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kò sì fi bò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni ọ̀rẹ́ yìí, tí kì í pariwo, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Pẹ̀lẹ́. Lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn ni Atawẹ́wẹ́ ti ṣe àfihàn ọ̀rọ̀ náà fún un, tó di ojú bí àwọn oníbàárà, tó ń ké "Háà! Ọ̀tún ni o!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Àwọn òmùgọ̀," ni Atawẹ́wẹ́ wí.

Ojú Pẹ̀lẹ́ kò ríran jìnnà. Iwájú pátápátá ló ń jókòó sí, síbẹ̀ ó máa ń sún ojú pọ̀ kó tó rí ohun tó wà lára pátákó. Dókítà ojú ti ní kó lọ gba awò ojú. Ìyá rẹ̀ sì ti ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí dídá ló ń dá tọ́ ọmọ.

*

Ìyá Pẹ̀lẹ́ yìí ló wọ ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé kan.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ààrò gan-an. Fúláwà ṣì wà létí síkáàfù rẹ̀. Ó rọra ń tẹlẹ̀ nítorí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ń dán, ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀ bóyá yóò ba ibẹ̀ jẹ́. Ooru ààrò ti gbẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń bó féléféle.

Atawẹ́wẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni màmá ẹ wà?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá. Ọ̀gá wa ní òun fẹ́ mú ẹnì kan nínú wa kúrò nídìí ààrò, kó máa wá dúró síwájú níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ó ní ẹni tí ojú ẹ̀ bá ṣeé wò lòun máa mú. O mọ̀ pé èéfín yẹn ti sọ mí di oníkọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá! Ta ló sun ojú obìnrin náà bí kò ṣe ààrò rẹ̀? Ó lo ojú náà tán, ó wá ní kò ṣeé wò.

"Mo ti ń rí ìpara yìí lójú fèrèsé yín," ni ìyá Pẹ̀lẹ́ ń bọ́rọ̀ lọ. "Ó wọ́n o. Ìwọ ni mo fẹ́ bi. Ṣé ó tó owó ẹ̀?"

Atawẹ́wẹ́ mọ èsì ìbéèrè náà. Kò sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní gbogbo àdúgbò yẹn. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti dáwọ́ dúró nídìí ìtọ́tè tó ń tò, ó ń wò ó. Ó kàn fi ọwọ́ yí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì wá, mà," ni Atawẹ́wẹ́ wí.

Ọwọ́ náà le, àpá iná sì wà lára rẹ̀ láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi aṣọ gbígbóná nu ti ọ̀tún. Ó fi ìpara pa á. Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ìka tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ.

"Ọ̀tún ni," ló wí. "Ó pẹ́ tí ara mi ti rọ̀ báyìí gbẹ̀yìn." Ó gbójú sókè. "Sọ òótọ́ fún mi. Ká ní màmá ẹ ló dúró síbí, ṣé wàá ní kí wọ́n rà á?"

Ẹ wo bí ìbéèrè ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn! Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Kó tilẹ̀ fi ojú bá a sọ ọ́. Kó kàn mi orí lásán pé rárá, yóò yé obìnrin náà. Ṣùgbọ́n yàrá òkè ló ń rí, bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ló ń rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màá ní kí wọ́n rà á."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tú ọ̀rá kan tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sanwó. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé àpò aláràbarà náà jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àǹtí yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè kúrò lára ìdì, ó sì fi lé Atawẹ́wẹ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi gidi," ló wí. "Ìwọ mọ ọjà tà jù mí lọ."

*

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, olùkọ́ ìṣirò kọ iṣẹ́ sára pátákó. Pẹ̀lẹ́ sún ojú pọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ṣe é, ó gbé e lọ. Olùkọ́ náà wo ìwé náà, ó kọ háà.

"Iṣẹ́ ta lo ṣe yìí? Mẹ́ta ni mo kọ, mẹ́jọ lo kọ. Ṣé bó o ṣe máa ṣe nínú ìdánwò nìyẹn? Ṣebí wọ́n ní kó o lọ gba awò ojú?"

Pẹ̀lẹ́ padà síjòókòó rẹ̀. Atawẹ́wẹ́ fẹ̀gbẹ́ kàn án. "Ṣé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí lẹ ní ẹ máa lọ gbà á ni?"

"Màmá mi ní ó di sáà tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ra nǹkan kan nítorí iṣẹ́."

Sáà tó ń bọ̀ kẹ̀? Ìdánwò yóò ti kọjá nígbà náà. Atawẹ́wẹ́ mọ ohun tí wọ́n rà, ṣùgbọ́n ó tẹrí sórí ìwé tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá òkè, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń wá látọjọ́ tó pẹ́, ojú ìwé kan náà ni yóò máa wò títí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀gá ilé búrẹ́dì ti mú ẹni tó fẹ́ mú lọ síwájú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun, kò dúró nídìí ààrò rí, ojú rẹ̀ sì ń dán láìfi nǹkan kan pa á. Ní ti ìpara olówó gọbọi, yíyọ́ ló ń yọ́ lójú ìyá Pẹ̀lẹ́ nídìí ààrò, tí fúláwà ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bi í bóyá eégún ló fẹ́ dà.

Ní ọ̀la rẹ̀, nígbà tí wọ́n jáde kíláàsì, Pẹ̀lẹ́ dúró de Atawẹ́wẹ́ lábẹ́ igi wọn.

"Ta ló ta ìpara fún màmá mi?"

"Pẹ̀lẹ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n..."

"Mo ní ta ló tà á? Àǹtí ẹ ni àbí ìwọ?"

"Èmi ni."

"Ṣé o fi aṣọ gbígbóná nu ọwọ́ wọn?"

Atawẹ́wẹ́ wolẹ̀.

"Mò ń bi ẹ́!" Pẹ̀lẹ́ tí kì í pariwo pariwo, àwọn ọmọ tó ń kọjá sì dúró wò. "Ṣé o fi aṣọ gbígbóná nu ọwọ́ màmá mi?"

"Mo fi nù ún."

"Àwa méjèèjì la jọ rẹ́rìn-ín! Ibí yìí la wà! O ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Ṣé màmá mi náà ti wá di òmùgọ̀ ẹ nìyẹn? Búrẹ́dì ta lò ń jẹ láti kékeré tó o bá wá sílé wa? Ta ló máa ń bù ú fún ẹ kí wọ́n tó bù ú fún mi?"

"Àǹtí mi ń wò mí nígbà yẹn, mi ò lè..."

"Màmá mi náà ń wò ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá Atawẹ́wẹ́ lójú ju ìgbátí lọ. Pẹ̀lẹ́ ti yípadà, ó ń lọ, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ tí kò ríran jìnnà.

*

Atawẹ́wẹ́ sáré gba ṣọ́ọ̀bù lọ láìyà sílé. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba ìpara yẹn padà lọ́wọ́ màmá ọ̀rẹ́ mi. Owó awò ojú ọmọ wọn ni wọ́n fi rà á."

"Ṣé wọ́n ti ṣí i?"

"Wọ́n ti ṣí i, mà."

"Ó tán nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù wo ló ń gba ọjà tí wọ́n ti ṣí?"

"Ṣùgbọ́n a tàn wọ́n jẹ ni, mà."

Àǹtí fi ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lélẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá wá ra ìpara, ṣé ìpara ló ń wá ni? Ó fẹ́ kí inú òun dùn tó bá wo jígí. Ìyẹn ni mò ń tà. Inú màmá ọ̀rẹ́ ẹ dùn àbí kò dùn lọ́jọ́ yẹn?"

"Inú wọn dùn lọ́jọ́ yẹn."

"Ó rí i? Tí ọ̀gá wọn ò bá wá mú wọn, ṣé èmi ni mo ni ààrò? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀." Ó tún ìgò náà gbé. "Lọ sinmi ní yàrá ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin oníṣòwò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo wọn ló lówó lọ́wọ́. Ìwọ lo máa ṣe àfihàn fún wọn."

Inú bí Atawẹ́wẹ́. Ó ń bínú sí Àǹtí. Ó ń bínú sí ọ̀gá ilé búrẹ́dì tí kò rí rí. Ẹni tó sì ń bínú sí jù lọ ni ọmọbìnrin kékeré tó ń rí nínú jígí ńlá yẹn, tó di abọ́ omi mú bí ọlọ́jà gidi.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ṣọ́ọ̀bù kún. Ìyá Onísìmẹ́ńtì, alága ẹgbẹ́ wọn, ló kọ́kọ́ jókòó síwájú káńtà. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ.

"Èmi o, tí mo bá ra símẹ́ńtì, mo máa ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dì. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ tẹ eléyìí náà wò."

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì wá, mà."

Atawẹ́wẹ́ ri aṣọ bọ omi. Ó fún un. Ó mú ọwọ́ òsì, ó fi aṣọ gbígbóná náà nù ún dáadáa, ó sì fi ìpara inú ike pa á. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ìpara ìgò wúrà pa ní gbígbẹ. Àǹtí ń bá àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣàwàdà, kò rí i.

"Ẹ gbọ́ èsì o!" ni Àǹtí yọ dé. "Alága, ọwọ́ wo ló rọ̀ jù?"

"Òsì ni."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un wò, mà. Bóyá iṣẹ́ símẹ́ńtì ti..."

"Kí ni iṣẹ́ símẹ́ńtì ṣe? Mo ní òsì ni! Ṣé mi ò mọ ọwọ́ òsì mi ni?"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn sún mọ́wájú, ó na ọwọ́ tirẹ̀. Atawẹ́wẹ́ tún ṣe bákan náà. "Òsì ni o," ni ìyẹn náà wí. Nígbà náà ni Àǹtí rí aṣọ ìnura lórí ọwọ́ òsì. Ojú òun àti Atawẹ́wẹ́ ṣe mẹ́rin.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi ni, mà. Ọwọ́ ni mo kàn pààrọ̀." Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà. "Ẹ má wo ìgò, mà. Omi gbígbóná lẹ ń gbádùn. Ìpara inú ìgò yìí ò burú, òórùn ẹ̀ sì dára. Tẹ́ ẹ bá lówó tó ṣẹ́kù, tí òórùn yẹn wù yín, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí awọ yín rọ̀, ẹ fi omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ bójú, ẹ fi tinú ike pa á. Ẹ wò ó." Ó fi aṣọ gbígbóná nu ọwọ́ méjèèjì Ìyá Onísìmẹ́ńtì, ó fi tinú ìgò pa ọ̀kan, ó fi tinú ike pa èkejì. "Èwo ló rọ̀ jù báyìí?"

Ìyá Onísìmẹ́ńtì fọwọ́ tẹ̀ wọ́n títí. Kò lè mọ̀ ọ́n. Ó dìde dùgbẹ̀.

"Màdáàmù! Nítorí omi gbígbóná lẹ fẹ́ gba owó símẹ́ńtì mi? Ṣé omi ò sí nílé mi ni?"

Kí Àǹtí tó ríbi fèsì, ṣọ́ọ̀bù ti tú. Ó yí sí Atawẹ́wẹ́.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè! Mo fún ẹ ní yàrá, o fi ìdọ̀tí san án fún mi! Kó ẹrù ẹ kúrò lókè. Kọ́kọ́rọ́ mi dà? Jáde!"

Atawẹ́wẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sórí káńtà. Bó ṣe ń kó ìwé rẹ̀ lọ sílé, orí rẹ̀ wú. Ó ní òun ti san gbèsè. Ó ní òun ti sọ òtítọ́ lójú gbogbo ayé.

*

Ìyá rẹ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Àǹtí ti pè é lórí fóònù, ó ti ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ọ̀rọ̀ ìyá Pẹ̀lẹ́. Kò gbójú sókè.

"Àbúrò mi ni," ló wí. "Ọmú kan náà la jọ mu. O dójú tì í láàárín ọjà ẹ̀."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa, Màmá."

"Mo mọ̀. Màá bá a fa ọ̀rọ̀ yẹn láàárín èmi ẹ̀, kò ní dùn mọ́ ọn. Ìwọ ni mò ń bá wí báyìí. Wọ́n ní o ṣakin lónìí?"

Atawẹ́wẹ́ gbé àwọn ìwé rẹ̀ kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lélẹ̀ gbì. "Lọ́jọ́ tí ìyá Pẹ̀lẹ́ nawọ́ sí ẹ, níbo ni akin yẹn wà? Onísìmẹ́ńtì lówó. Ká ní ó ra ìgò yẹn, kò sí ohun tó máa ṣe ọmọ ẹ̀. Ẹni tí kò ní lo rẹ́ jẹ, ẹni tó ní lo wá lọ sọ òtítọ́ fún! Ìbínú ẹ yẹn, ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Òtítọ́ tó yẹ kó o sọ fún ẹnì kan ní kọ̀rọ̀, tó o wá pariwo ẹ̀ fún ogúnlọ́gọ̀ èèyàn, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Gbéra. Lọ sílé wọn."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Atawẹ́wẹ́ kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó sì rò ó tán láìfi ọ̀kan pa mọ́. Pẹ̀lẹ́ wà nínú ilé, kò jáde. Lọ́jọ́ mìíràn, obìnrin yẹn ìbá ti ní "Dìde, ọmọ mi." Kò sọ bẹ́ẹ̀ lónìí.

"Mi ò bínú sí ìpara," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìpara ni ìpara ń jẹ́. Mo mọ̀ pé ó wọ́n jù kí n tó wọlé. Mo dúró níta pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo tilẹ̀ ti yíjú padà pé kí n máa lọ. Ìgbà tí mo rí ẹ nínú lọ́hùn-ún ni mo wọlé. Mo ní, ọmọ mi nìyẹn, kò ní tàn mí. Kì í ṣe ìpara ni mo rà. Ẹnu ẹ ni mo rà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Máa lọ sílé."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé, ìdí aṣọ ni Atawẹ́wẹ́ ń lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń lo áyọ́ọ̀nù, owó tó bá sì jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé e lọ sílé Pẹ̀lẹ́. Kò lè tó owó awò ojú kí ìdánwò tó dé. Ó mọ̀. Nínú kíláàsì, ó gbé àga rẹ̀ lọ síwájú, ó jókòó ti Pẹ̀lẹ́, ó sì ń ka ohun tó wà lára pátákó jáde ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pẹ̀lẹ́ kò kí i. Kò wò ó. Ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan tí olùkọ́ ìṣirò kọ iṣẹ́ gígùn kan, Pẹ̀lẹ́ dá bírò dúró láàárín.

"Ìlà kejì yẹn," ló wí láìyíjú. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Atawẹ́wẹ́ dìde, ó rìn lọ síwájú pátákó, ó wò ó dáadáa, ó sì padà wá. "Kò dá mi lójú tẹ́lẹ̀. Mo ṣì í kà. Mẹ́fà ni."

Pẹ̀lẹ́ pa ohun tó kọ rẹ́, ó kọ mẹ́fà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá ìpara olówó gọbọi tó owó rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpara kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tó fẹ́ràn yín yóò bi yín ní ìbéèrè, tí èsì òtítọ́ yóò sì fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ òtítọ́ náà lójú ẹsẹ̀, fún ẹni tó bi yín gan-an. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, ẹ lè pariwo rẹ̀ fún gbogbo ọjà, ẹni tó gbà yín gbọ́ ni yóò ti sanwó irọ́ yín.